Kóńgò Tí Wọ́n Dojú Rẹ̀ Délẹ̀

Ìyá mi ta gàrí lọ́jà Ìfọ̀ fún ọdún méjìlélógún. Lọ́jọ́ ọjà kan, nígbà tí mo ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn ìyá ẹgbẹ́ mẹ́ta wá sí ìsọ̀ obìnrin tó jókòó tì wá. Wọn ò bá a jà, wọn ò pariwo. Ọ̀kan nínú wọn mú kóńgò rẹ̀, ó da gàrí inú rẹ̀ padà sínú ọpọ́n, ó sì dojú kóńgò náà délẹ̀. Obìnrin yẹn ò gbọdọ̀ tà mọ́ títí oòrùn fi wọ̀. Bí oníbàárà bá dúró, á kàn nawọ́ sí kóńgò, oníbàárà náà á sì kọjá. Ó ti tà á kéré sí iye tí ẹgbẹ́ fẹnu kò sí.

Mo bi ìyá mi pé ṣé olè ni. Ó ní, “Kì í ṣe olè. Ó ń ba ọjà jẹ́ ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé wọ yàrá ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan n'Íkẹjà, nígbà tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Agbẹjọ́rò kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ló wá là á yé mi níbẹ̀ pé ẹni tó ń ba ọjà jẹ́ yẹn gan-an ni òfin ń dáàbò bò, àti pé lójú òfin òde òní, kátẹ̀lì, ìyẹn àwọn oníṣòwò tó jọ fẹnu kò lórí iye owó, ni àwọn ìyá mẹ́ta wọ̀nyẹn.

Ilé-iṣẹ́ tó ń po oúnjẹ adìẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, láàárín Ìbafọ̀ àti Mòwé. Mòwé náà ni mo ń gbé. Èmi ni mò ń bójú tó àwọn tó ń gba ọjà wa tà, láti Ìbafọ̀ títí dé Ìfọ̀. Òfin tí mò ń sọ yìí, FCCPA, ọdún 2018 ló wà lára orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ú. Òun ló sọ àjọ tí a mọ̀ sí Consumer Protection Council di FCCPC, tó sì fún un lágbára lórí bí àwọn oníṣòwò ṣe ń bá ara wọn díje. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa ní Mòwé. A ń tajà wa lọ. Ìgbà tí àwọn òyìnbó kan fẹ́ bá ọ̀gá wa dòwò pọ̀ ni wọ́n béèrè ẹni tó ti kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní òfin ìfigagbága. Ọ̀gá wò wá, àwa náà wo ọ̀gá.

Ọjọ́ méjì ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà, ọjọ́ kejì sì bọ́ sí Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tó bá ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí mò ń wí: ọjọ́ ìsìn òru ni ní Redemption City, ọkọ̀ á sì tò bí èèrà. Mo yáa sùn sọ́dọ̀ àbúrò mi l'Ójódù.

Agbẹjọ́rò náà ò kọ́kọ́ ṣí ìwé òfin. Ó ní kí ẹni tó bá ti pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ mìíràn rí, láti bi í pé ìgbà wo ni wọ́n fẹ́ fowó lé ọjà, nawọ́ sókè. A rẹ́rìn-ín, a sì nawọ́, gbogbo wa. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè gbọ́wọ́ yín sílẹ̀, ẹ̀rí lẹ ń fún mi yẹn.” Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa.

Ohun tí òfin sọ kò le láti yéni. Àwọn tó ń bá ara wọn díje kò gbọdọ̀ jọ dá iye tí wọn yóò tajà. Wọn ò gbọdọ̀ pín àdúgbò mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kí tọ̀hún ní òun ló ni Ìfọ̀, kí tibí ní òun ló ni Mòwé. Wọn ò gbọdọ̀ jọ fọwọ́ fa ọjà sẹ́yìn kó lè wọ́n. Bó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, àdéhùn ni lójú òfin. Abala 107 ló dá lórí iye owó: ẹni tó lọ́wọ́ nínú rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ sì lè san tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: owó tó wọlé. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ adìẹ mọ bí èrè orí àpò kan ṣe kéré tó. Ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó wọlé lè jẹ èrè ọdún mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ìtàn láísìnì ló mú mi jókòó gírí. Gbogbo ẹni tó ń po oúnjẹ adìẹ ló mọ̀ ọ́n: lẹ́búlẹ́bú inú àpò, tí à ń bù díẹ̀díẹ̀ mọ́ àgbàdo àti sóyà kí adìẹ lè tètè gbéra nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ márùn-ún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ń ṣe gbogbo èyí tí ayé ń lò: ADM ní Amẹ́ríkà, Ajinomoto àti Kyowa Hakko ní Jàpáàn, àti méjì ní Kòríà. Bẹ́ẹ̀ ni, Ajinomoto kan náà tí à ń bù sọ́bẹ̀. Wọ́n ń pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì pín ayé bí ẹni pín ẹran iléyá, tọ́ọ̀nù báyìí fún ìwọ, tọ́ọ̀nù báyìí fún èmi. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án àkọ́kọ́, owó láísìnì ti gòkè tó 70%. Ẹni tó ń sin adìẹ ló san án, àti ẹni tó ń jẹ ẹyin.

Kí àṣírí wọn má bàa tú, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó lórúkọ, tó ní ètò ìpàdé lórí ìwé, kí wọ́n lè rí nǹkan fi hàn bí wọ́n bá bi wọ́n léèrè. Wọn ò mọ̀ pé láti ọdún 1992 ni Mark Whitacre, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ADM, ti ń gba ohùn wọn sílẹ̀ fún FBI. Nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti ń pín ayé, kámẹ́rà wà nínú fìtílà. Lọ́dún 1996, ADM san $70 mílíọ̀nù lórí láísìnì nìkan, Ajinomoto san $10 mílíọ̀nù. Méjì nínú àwọn ọ̀gá ADM lọ sẹ́wọ̀n. Whitacre fúnra rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n, pàápàá nítorí pé bó ṣe ń tú àṣírí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló ń jí owó ilé-iṣẹ́ kó. Olè jíjà yẹn ò kan òfin ìfigagbága rárá. Mo kàn máa ń gbádùn àtisọ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo padà sílé, mo sọ̀ ní Ìbafọ̀ láti ra búrẹ́dì, mo sì rí i pé mò ń ka tírélà. DAF, MAN, Iveco, Volvo, tòkunbọ̀ láti Yúróòpù ni èyí tó pọ̀ jù. Láti ọdún 1997 títí di 2011 ni àwọn tó ń ṣe wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí iye owó. Ní oṣù keje ọdún 2016, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu €2.93 bílíọ̀nù lé wọn. MAN ò san kọ́bọ̀, torí òun ló kọ́kọ́ sáré lọ jẹ́wọ́. Scania ní tirẹ̀ ò gbà láti bá wọn parí rẹ̀, nígbà tó di 2017 wọ́n bu €880 mílíọ̀nù lé òun náà. Mo wo MAN àtijọ́ kan tó di yẹ̀pẹ̀ gòkè lọ sí ọ̀nà Ìbàdàn, èéfín dúdú ń jáde nídìí rẹ̀, mo ní ìwọ yìí, ọlọ́gbọ́n ọmọ ni ọ́.

Kì í ṣe òkè òkun nìkan. Ní ìparí ọdún 2023, British American Tobacco, tó ń ṣe sìgá n'Íbàdàn, gbà láti san $110 mílíọ̀nù fún FCCPC, kí àjọ náà sì máa ṣọ́ ìrìn rẹ̀ fún oṣù 24. Ní 2024 ó kan Meta tó ni WhatsApp: $220 mílíọ̀nù. Meta pe ẹjọ́, ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ irú rẹ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Àwa náà sì ń fi àpò díẹ̀ ránṣẹ́ sí Kútọnu. Agbẹjọ́rò ní bí àpò yẹn bá ti kọjá Sẹ̀mẹ̀, ó ti bọ́ sábẹ́ òfin ìfigagbága ti ọdún 2002 tí UEMOA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná sẹ́fà, ṣe, tó de Bẹ̀nẹ̀, ti ECOWAS náà tún wà lórí rẹ̀, àjọ tó ń mójú tó o sì wà ní Gámbíà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Títí dìgbà yẹn, kọ́sítọ́ọ̀mù nìkan ni mo mọ̀ ní Sẹ̀mẹ̀.

Mo ń kánjú sọ ti àwọn ẹlòmíràn, mi ò tíì sọ tèmi. Ní àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní, mo fà sẹ́yìn sí kọ̀rọ̀, mo ṣí fóònù. WhatsApp kan wà níbẹ̀ tí àwa tó ń ta oúnjẹ adìẹ ní agbègbè wa jọ wà, láti ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi. Ìkíni ọjọ́ ìbí àti àdúrà òwúrọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo ń yí i sókè, mo ń yí i sókè, mo bá ọ̀rọ̀ ara mi pàdé láti oṣù méje sẹ́yìn: “Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má jẹ́ ká tà á kéré sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá o. Ká má ba ọjà jẹ́.” Ènìyàn mọ́kànlá ló fi àtàǹpàkò dáhùn.

Ìka mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kí n tó rántí ohun tí agbẹjọ́rò sọ láàárọ̀, pé píparẹ́ ẹ̀rí lè sọ ẹ̀ṣẹ̀ kan di méjì. Mo fi í sílẹ̀. Mo gbé fóònù lọ bá a. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n sọ fún ọ̀gá mi lónìí, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé n kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ owó mọ́, kí n tó jáde. Ó ní ẹni tó bá rọra jáde láìsọ̀rọ̀, ńṣe ni wọ́n á rò pé ó ṣì gbà. Mo ṣe é. Ẹnì kan nínú wọn ò kí mi mọ́ títí dòní.

Nígbà tí mo sọ ìtàn kóńgò fún un, ó béèrè bí ìyá mi ṣe ń tà ní tirẹ̀. Èènì ni, mo ní. Màámi ò yí iye ẹgbẹ́ padà rí, ṣùgbọ́n ọwọ́ méjèèjì ló fi ń bu èènì fún àwọn oníbàárà rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi ń fò ìsọ̀ mẹ́fà kọjá wá bá a. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ ṣèpàdé, wọ́n dá iye èènì náà: ẹ̀kúnwọ́ kan péré. Agbẹjọ́rò fi bírò lu tábìlì, ó ní ibi tí gbogbo kátẹ̀lì ayé ti ń fọ́ nìyẹn, olúkálùkù á gbà lójú, á sì máa bu èènì lẹ́yìn.

Èmi kì í bú ẹgbẹ́ o. Ẹgbẹ́ ló sin bàbá mi, ẹgbẹ́ ló yá ìyá mi lówó lọ́dún tí gàrí rẹ̀ rin sómi. Nígbà tí Tunji Bello, ọ̀gá FCCPC, pe àwọn olórí ọjà jọ lọ́dún 2024 lórí owó ọjà tó ń fò sókè, ojú àwọn ìyá wọ̀nyẹn ni mò ń rí. Ẹgbẹ́ lè jọ sọ̀rọ̀ owó orí, iná, títì tó bàjẹ́, ayédèrú ọjà. Iye tí oníkálùkù yóò tà ló gbọdọ̀ fi sílẹ̀.

Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta báyìí, èmi náà ń kọ́ àwọn tó ń gba ọjà wa, ní Yorùbá, nínú ìsọ̀ kan ní Ìbafọ̀. “Ìfigagbága” ò ràn mí lọ́wọ́. Etí wọn ń gbọ́ ìjà. Mo máa ń bi wọ́n pé, bí gbogbo ìsọ̀ bá ti jọ dá iye kan, kí lẹ fẹ́ ná? Awakọ̀ wa kan bi mí pé ṣé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń béèrè àfikún owó oṣù náà ti wọ gàù. Rárá o, òfin fi ìyẹn sílẹ̀. Àlàájà kan, ọ̀kan lára àwọn tó ń gba ọjà jù lọ́wọ́ wa, ló béèrè ohun tó le: bí òun bá wà ní ìpàdé ẹgbẹ́, tí wọ́n bá wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Mo sọ ohun tí wọ́n kọ́ mi. Ẹ sọ pé ẹ ò sí níbẹ̀, ẹ dìde, kí akọ̀wé kọ aago tí ẹ jáde. Bí ẹ bá rí nǹkan dà nù lórí tábìlì, ó tún dáa, ẹnikẹ́ni ò ní lè sọ pé òun ò rántí ìgbà tí ẹ lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlàájà ò rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, ó pè mí nírọ̀lẹ́, ariwo ń lọ lẹ́yìn rẹ̀.

“Màdáàmù, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ owó. Mo ti da zóbò.”

“Ẹ ṣeun, mà. Ṣé akọ̀wé kọ ọ́?”

“Ó kọ ọ́. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje. Ṣùgbọ́n agbádá funfun alága ni mo dà á lé. Wọ́n ní èmi ni n ó sanwó alágbàfọ̀. Ṣé èmi ni, àbí kọ́ńpìnnì?”