Ọjọ́ Ni Mo Kà, N Kò Ka Ìrìn

Ìwé kan wà lábẹ́ ìjókòó tírélà mi tí mo ti ń kọ nǹkan sí láti ọdún 2010. Ìwé ọmọ iléèwé lásán ni, dísẹ̀lì ti rin ín létí, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya. Ọjọ́ tí mo gbéra, ibi tí mo ń lọ, ẹrù tí mo gbé àti iye tí ọlọ́kọ̀ san fún mi ni mo ń kọ sínú rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló kìlọ̀ fún mi pé awakọ̀ tí kò bá ní àkọsílẹ̀, ọlọ́kọ̀ ni yóò máa bá a rántí. Ọdún mẹ́wàá ni mo fi kọ ọ́, n kò jókòó kà á lẹ́ẹ̀kan.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2021, ìyá àwọn ọmọ mi gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú mi ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó wá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, alẹ́ mélòó lẹ sùn sílé lọ́dún tó kọjá?" Kò bínú, ó kàn fẹ́ mọ̀ ni. N kò rí èsì fún un. Nígbà tí mo jẹun tán, mo lọ mú ìwé yẹn wá láti inú ọkọ̀.

Ìrìn 21 ni mo rìn lọ́dún 2020. Kọ̀nténà ni gbogbo rẹ̀, yálà mo gbé e jáde ní Àpápá tàbí mo ń dá òfìfo rẹ̀ padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ọjọ́ tí mo dé ìlà wé ọjọ́ tí wọ́n jẹ́ kí n wọ inú èbúté, tí mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọjọ́ 163 ni mo fi dúró. Orí títì ni mo dúró sí: afárá Ìjọra, ọ̀nà Ọ̀ṣòdì sí Àpápá, ibikíbi tí ìdí ìlà bá bá mi. Ọjọ́ tí táyà fi yí gan-an kò ju 60 lọ.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 40,000 náírà ni ọlọ́kọ̀ ń san fún mi lórí ìrìn kan. Ìrìn 21 jẹ́ 840,000 náírà. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 223 tí mo fi kúrò nílé, kò pé 3,800 náírà lóòjọ́. Nínú rẹ̀ ni mo ti jẹun, tí mo ti ra omi ìwẹ̀ ní kẹ́ẹ̀gì, tí mo ti fún àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣọ́ bátìrì lóru ní nǹkan kí wọ́n má baà tú u lọ. Bí mo bá fọwọ́ mú un dáadáa, 1,500 náírà ń lọ síbẹ̀ lójúmọ́. Èyí tó kù kò tó 2,300. Lọ́dún yẹn kan náà, alágbàṣe tó ń bá bíríkìlà po kọnkéré ní Òkè-Àgbò, kò jìnnà sílé wa, ń gba 2,500 náírà. Ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ ló sì ń sùn.

Ojú tì mí níwájú ìyàwó mi. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ ni mo ti ń sọ fún un pé iṣẹ́ tírélà nìkan ló ń mówó gidi wọlé.

Ohun tó ń tan àwa awakọ̀ jẹ kò ju ẹyọ kan lọ. Ìdì ni owó wa ń wá. Alágbàṣe ń gba tirẹ̀ ní díẹ̀díẹ̀, ó ń ná an ní díẹ̀díẹ̀, ó dà bí ẹni pé kò ní. Àwa lè dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ká fa 40,000 yọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àdúgbò á máa kí wa kú àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn kò sí lójú ẹnikẹ́ni mọ́, kódà kò sí lójú awakọ̀ fúnra rẹ̀. Bí o bá bi awakọ̀ pé kí ló dé tí kò tí ì fi iṣẹ́ sílẹ̀, iye tó gbà ní ìrìn tó kẹ́yìn ni yóò sọ fún ọ.

Efire ni wọ́n bí mi, ní Ogun Waterside. Apẹja ni bàbá mi, ará Ìjẹ̀bú-Igbó sì ni ìyá mi. Ní 1991, nígbà tí mo pé ọmọ ọdún 17, mo di ọmọ ọkọ̀ lórí Bedford kan tó ń gbé gẹdú nínú igbó J4. Ẹni tí kò bá mọ J4, ara igbó Ọmọ ni, igbó ọba tí ìjọba ti pààlà sí láti 1925, tó fẹ̀ ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà hẹ́kítà lọ. Ní 1977 àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn igbó tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ máa tọ́jú. Erin ṣì ń bẹ níbẹ̀ títí di òní. Ibẹ̀ náà ni wọ́n gbin igi gmelina sí lọ súà nítorí ilé-iṣẹ́ bébà Ìwópin. Igi yẹn dàgbà, ó gbó, ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ bébà náà kò ṣiṣẹ́ bí a ti retí rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí, nítorí ká ní ó ṣiṣẹ́ ni, ẹrù ì bá wà fún wa lẹ́nu ọ̀nà ilé wa.

Iṣẹ́ ọmọ ọkọ̀ ni kí n bẹ́ sílẹ̀ lórí òkè, kí n fi igi há táyà ẹ̀yìn kí Bedford má baà yí padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àrẹrẹ, afàrà, ọ̀gànwó, ìrókò: mo mọ ìwọ̀n wọn láti ara bí ọkọ̀ ṣe ń kérora. Òkò Bàbá ní Èbúté-Mẹ́ta là ń já a sí. Ní 1998 ni wọ́n fi sítíárì lé mi lọ́wọ́. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé n kò béèrè iye tí wọn yóò máa san fún mi.

Ara ló kọ́kọ́ ń sọ fún awakọ̀ pé ó tó. Ẹ̀yìn ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dé páàkì tírélà láàárọ̀ yóò rí àwọn obìnrin tó ń ta àgbo, wọn yóò pe ọ̀kan fún ọ ní ọ̀pá-ẹ̀yìn. Mo mu ún fún ọdún púpọ̀. Ó ń mú ìrora náà sùn, mo sì tún ń gbé ẹ̀yìn kan náà lọ sórí ìjókòó. Nígbà tí nọ́ọ̀sì kan ní Àgọ́-Ìwòyè wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó tún un wọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ta ló wà yín wá?" Mo ní èmi ni mo wa ara mi wá. Kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn mìíràn nínú wa ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ènìyàn sùn. Mo sọ èyí nítorí àwọn ìdílé tó ń ka ìwé ìròyìn yìí: bí ọkọ yín bá dé tí kò lè sùn lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021, àjọ tó ń bójú tó èbúté nílẹ̀ wa gbé ọ̀nà ìpè tuntun kalẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ètò, lédè wa gan-an. Orí fóònù ni wọ́n ti ń gba àyè, ọkọ̀ á dúró sí páàkì títí tí wọn yóò fi pè é. Ìlà orí afárá Ìjọra dín kù, mo jẹ́rìí sí i. Ìdúró tèmi kò tán, ó kàn kó lọ sí páàkì ni. Lẹ́yìn náà ni dísẹ̀lì gbá wa lójú. Ní ìparí 2021, lítà kan kò tí ì pé 300 náírà. Nígbà tí ọdún 2022 fi dá sí méjì, ó ti kọjá 700. Ní 2024 ó ti ré 1,000 kọjá. Ọlọ́kọ̀ tó bá rí i pé èrè òun ń jò, owó awakọ̀ ló kọ́kọ́ máa ń fọwọ́ dí i.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí láti London lọ́dún 2021. Ó ní awakọ̀ àjàgbé ti wọ́n lọ́dọ̀ àwọn, ìjọba ibẹ̀ sì fẹ́ fún 5,000 awakọ̀ láti ilẹ̀ òkèèrè ní físà onígbà díẹ̀. Ara mi yá. Àṣé ìwé ìwakọ̀ wa, ìpele G tí àjọ FRSC ń fún awakọ̀ àjàgbé, kò lè wa lọ́rí níbẹ̀. Ìdánwò ni awakọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ bí ọmọ tuntun. Ṣùgbọ́n ohun kan tó sọ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní bí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀, dandan ni kó sinmi fún ìṣẹ́jú 45, àti pé wákàtí mẹ́sàn-án ni wọ́n fi lélẹ̀ fún ojúmọ́. Ẹ̀rọ kan wà nínú ọkọ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba sì lè dá ọkọ̀ dúró kó kà á. Mo rántí ìwé mi lábẹ́ ìjókòó. Níbẹ̀, òfin ló ń kọ ọ́. Níbí, èmi nìkan ni, n kò sì kà á.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ń wo iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, pàápàá láti ìgbà tí a ti gbọ́ pé ilé-ìfọpo Dangote ń kó ọkọ̀ 4,000 tó ń lo gáàsì CNG wọlé. Owó oṣù dára ju owó ìrìn lọ, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tó fa ìyanṣẹ́lódì tí NUPENG, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ epo, ṣe ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án 2025: ṣé awakọ̀ Dangote yóò lè wọ ẹgbẹ́ ni àbí kò ní lè wọ̀ ọ́? Ìbéèrè tó yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ béèrè nìyẹn, ṣáájú iye owó oṣù. Bí ọkọ̀ bá ṣubú, ta ni yóò dúró tì ọ́ lọ́sìbítù? Tánkà ní tirẹ̀, n kò jẹ́ wà á. Ní Májíyà, ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ní oṣù Kẹwàá 2024, tánkà epo kan ṣubú, àwọn tó lé ní 150 ló jóná.

Èyí tí èmi ṣe nìyí. Lọ́dún tí mo ka ìwé náà, mo gbin 600 kòkó sórí ilẹ̀ ìyá mi. Ìdí-Ayùnrẹ́ n'Ìbàdàn, lọ́dọ̀ CRIN, ilé-iṣẹ́ ìwádìí kòkó, ni mo ti ra irúgbìn. Ọ̀gbẹlẹ̀ àkọ́kọ́ pa ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, nítorí pé Àpápá ni mo wà nígbà tó yẹ kí n bomi rin ín. Èyí tó kù so ní 2024, lọ́dún tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé. Mo tà á, mo sì rò pé mo ti bọ́ lóko ẹrú. Kí 2025 tó parí, owó náà ti já sí ìdajì. Nítorí náà n kò lè sọ fún awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi pé kó ju kọ́kọ́rọ́ nù kó lọ sóko. Kòkó náà ní ìlà tirẹ̀ tí ènìyàn ń tò. Ìyàtọ̀ tó wà ni pé mo ń jí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó mi.

Ìrìn méjì péré ni mo ń rìn lóṣù báyìí, èbúté Lẹ́kí tí wọ́n ṣí ní 2023 ni mo sì ń gbà, torí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí wa. Wọ́n tún ń sọ̀rọ̀ èbúté Olókọ̀lá. Lọ́dún 2025, Aliko Dangote sọ pé òun ti fi ìwé sílẹ̀ láti kọ́ ọ. Bí ó bá wáyé, ẹ̀bá Efire ni tírélà yóò ti máa tò. Àwọn ọmọ ìlú wa tó ń yọ̀ sí i, mo bá wọn yọ̀. Mo sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ti béèrè ibi tí páàkì àti ilé ìwẹ̀ awakọ̀ yóò wà kí wọ́n tó béèrè iṣẹ́.

Ní oṣù Kẹta tó ń bọ̀ ni ìwé ìwakọ̀ mi yóò parí. Ọmọ ọkọ̀ mi ti pé ọdún 24, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ sítíárì, ó sì ń dúró dè mí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo ra ìwé tuntun kan fún un, mo fi rúlà fa ìlà sí i. Nígbà tí a dé páàkì, ó ṣí i, ó mú bírò.

"Ọ̀gá, ṣé ọjọ́ tí a dé ni kí n kọ ni, àbí ọjọ́ tí wọ́n pè wá?"

"Kọ méjèèjì," ni mo wí fún un.