Bí Wáyà Kírísítálì Ṣe Ń Hù, Tí Wọ́n sì Ń Lẹ̀ Mọ́ra

Bí wọ́n bá mú iná lọ ní Ekinrin-Adde, tọ́ọ̀ṣì LED ni ọ̀pọ̀ ilé ń nawọ́ gán. Ẹ pa á, kí ẹ wo ojú rẹ̀ lọ́sàn-án: ohun kékeré aláwọ̀ ìyeyè ni ẹ ó rí. Ìyẹ̀fun ni ìyeyè yẹn. Kírísítálì gálíọ̀mù náítráìdì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń tan iná búlúù, ìyẹ̀fun ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di ìyeyè, ojú wa sì ń rí àpapọ̀ wọn ní funfun. Iná búlúù yìí ló gbé Ẹ̀bùn Nobel 2014 fún Akasaki, Amano àti Nakamura.

Pẹlẹbẹ ni kírísítálì inú tọ́ọ̀ṣì sábà máa ń rí. Orí òkúta safáyà ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, ètò átọ́ọ̀mù àwọn méjèèjì kò sì bára mu, ni àbùkù bá ń pọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi yà sí wáyà tín-ín-rín: ẹsẹ̀ rẹ̀ kéré débi pé àbùkù kì í ráyè gùn ún lọ sókè.

Ní 1964, Wagner àti Ellis ti Bell Labs ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé bí wáyà sílíkọ̀n ṣe ń hù. Wúrà yíyọ́ á mu sílíkọ̀n láti inú gáàsì. Bó bá mu yó, sílíkọ̀n á máa dì sábẹ́ rẹ̀, wáyà á sì máa ru wúrà náà lọ sókè. Gálíọ̀mù náítráìdì kò tilẹ̀ nílò wúrà. Nínú àgbá irin tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, ní nǹkan bí 800°C, wọ́n á da gálíọ̀mù àti náítirójìn sórí sílíkọ̀n, kí náítirójìn ṣáà ti pọ̀ jù. Hóró á yọ, á sì nà sókè di wáyà.

Ibi tí àwọn wáyà yìí ti ń gùn ni wàhálà wà. Átọ́ọ̀mù ara wáyà kò ní aládùúgbò níta, ojú méjì tó bá pàdé á fẹ́ lẹ̀. Agbára àtitẹ̀ nìkan ló ń dí wọn lọ́wọ́, ìyẹn sì ń yára dín kù: bí gígùn bá di ìlọ́po méjì, ìdá kan nínú mẹ́jọ agbára àtijọ́ ti tó láti tẹ orí wáyà náà dé ibi kan náà. Ni wọ́n á bá tẹ̀, tí orí wọn á so pọ̀ bí ti ìgbálẹ̀ tí a fà yọ nínú omi.

Bí wọ́n bá so láìdọ́gba, àbùkù tí a sá fún tún dé sí ojú ìsopọ̀. Iná mànàmáná tó dé ibẹ̀ lè di ooru dípò ìmọ́lẹ̀. Nítorí náà, àwọn kan ń fi ìbòrí oníhò bo sílíkọ̀n, kí wáyà lè hù nínú ihò nìkan, kí àlàfo sì wà láàárín wọn. Àwọn mìíràn, tó fẹ́ pẹlẹbẹ tí kò lábùkù púpọ̀, ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí wọ́n so, ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ rí i pé gbogbo wọn dojú kọ ibì kan náà.