Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Àwọn Oníkọ̀ǹpútà fún Lẹ́tà Èébú àti Lẹ́tà Àìbẹ̀wẹ̀

Ìfáárà

Nínú ìdánwò ògbufọ̀ tí a ṣe fún kíláàsì wa, ọ̀rọ̀ náà spam jẹ yọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan kọ 'ẹran inú agolo'. Èkejì kọ 'lẹ́tà àìbẹ̀wẹ̀ tó ń ya wọlé ẹni'. Ẹni àkọ́kọ́ ni a fún ní máàkì, nítorí pé ìwé atúmọ̀-èdè gbè é lẹ́yìn. Àṣìṣe gbáà ni a ṣe. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí, àti pé iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe ni ó yẹ kí á túmọ̀.

Spam

Lóòótọ́, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ inú agolo tí ilé-iṣẹ́ Hormel ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1937 ló ń jẹ́ Spam. Ní 1970, àwọn aláwàdà Monty Python ṣe eré kan lórí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú eré náà, ẹran yìí ló kún inú oúnjẹ gbogbo, orin rẹ̀ sì bo ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ti mú un: àkúnjù ni wọ́n fà yọ, kì í ṣe ẹran. Ìwà náà ṣáájú orúkọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk fi ìpolówó kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ lórí ARPANET sí àwọn ènìyàn bí 400 tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́.

Flame àti troll

Flame ni èébú tí a fi ìbínú kọ ránṣẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ ọ́ pé 'wọ́n rán iná sí mi', oògùn ni Yorùbá yóò rò. 'Lẹ́tà èébú' ti tó. Ní ti troll, apẹja tó ń wọ́ ìwọ̀ àti ìjẹ kiri inú omi ni wọ́n fi ṣe àfiwé: ó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn lè bínú gbé e mì. Ẹni tó bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'iwin' ti ṣìnà. Yorùbá ti ní 'afínràn' tipẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ àti olùdánwò, kí á tó fa igi sí ìdáhùn, ẹ jẹ́ kí á bi í léèrè: kí ni ẹni tó kọ lẹ́tà ń fẹ́, báwo ló sì ṣe rí lára ẹni tó gbà á? Ọmọ tó bá gbé èyí jáde yẹ kó gba máàkì, ìbáà jẹ́ odindi gbólóhùn ló lò. Àwa ti dá máàkì ọmọ kejì padà fún un.