Èso àti Ẹ̀fọ́ Òòjọ́ Láàárín Tàgbà Tèwe ní Òkè-Ògùn

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ Òkè-Ògùn, iṣu, àmàlà láfún àti ọkà bàbà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń mẹ́nu bà. Èyí tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni èso àti ẹ̀fọ́. Èdè wa fúnra rẹ̀ kò fi ojú kan náà wò wọ́n. Inú ọbẹ̀ ni ẹ̀fọ́ wà, ọbẹ̀ sì bá oúnjẹ rìn; ṣùgbọ́n ìpanu ni èso. Ẹni tí ó jẹ máńgòrò mẹ́ta lọ́sàn-án yóò ṣì sọ pé òun kò tíì jẹun. Bí ẹ̀fọ́ ṣe di ti àgbà nìyẹn, tí èso sì di ti ọmọdé.

Ní ọdún 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ dá a lábàá pé kí ènìyàn máa jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tí kò dín ní gíráàmù 400 lójúmọ́. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera là á sí wẹ́wẹ́ fún àwọn ọmọdé: gíráàmù 250 fún ọmọ ọdún 2 sí 5, 350 fún ọmọ ọdún 6 sí 9. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ kò sí nínú ìṣirò yìí o! Ṣíbí ẹ̀fọ́ kan tí a bù lé àmàlà kò lè tó o.

Ti àwọn ọmọdé ni ó ká mi lára jù. Láyé àtijọ́, ọmọ tí ó bá tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko kì í padà lófìfo. A jẹ èso igi òrí, a fọ́ èso oṣè, a lá ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú tí ó wà nínú èso igi irú. Kò sí àgbà tí ó ka ìwọ̀nyí sí oúnjẹ, nítorí náà nígbà tí wọ́n ń dín kù, kò sí ẹni tí ó kíyè sí i. Ilé-ìwé gba ọmọ kúrò lóko, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń sun èédú ń gé igi òrí àti igi irú pẹ̀lú. Bisikíìtì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni owó ọwọ́ ọmọ ń rà báyìí. Ẹ tún wo kajú: kóró rẹ̀ ni à ń tà, èso rẹ̀ a sì máa jẹrà lábẹ́ igi, bẹ́ẹ̀ fítámì C inú rẹ̀ ju ti ọsàn lọ.

Ní ti àgbà, òjò ni ó ń pinnu. Láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ìlasa kì í wọ́n. Bí ọyẹ́ bá dé, orúnlá àti lúrù ni ó kù. Sísá nínú oòrùn ń ba fítámì jẹ́. Ìbòòji sàn fún un.

Ọgbà ilé-ìwé lè ṣe díẹ̀ níbi tí kànga bá wà. A kò sì ní láti dúró kí igi oṣè tó tóbi: ní Mali, àwọn àgbẹ̀ kan ń gbìn ín sórí ebè bí ẹ̀fọ́, wọ́n ń bomi rin ín, wọ́n sì ń já ewé rẹ̀ tútù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.