Ẹ̀rọ Amú-Èérún-Sáré: Láti Ara Alárùn Jẹjẹrẹ Dé Iná Mànàmáná

Ẹ̀rọ amú-èérún-sáré ni ẹ̀rọ tí ń fi agbára iná mànàmáná ti àwọn èérún inú átọ́ọ̀mù, bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù àti prótọ́ọ̀nù, títí wọn yóò fi máa sá eré àsápajúdé, tí ó sì ń fi òòfà darí wọn kí wọ́n má baà yà kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ físíìsì nìkan ni irú rẹ̀ wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sára alárùn jẹjẹrẹ ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà, l'Ékòó: ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń mú sáré, tí ó sì ń gbá wọn mọ́ irin líle kí ìtànṣán ẹ́síréè lè jáde.

Àléébù ẹ́síréè ni pé ṣe ni ó ń la ara kọjá, tí ó fi jẹ́ pé bí ó ṣe ń ba kókó jẹjẹrẹ jẹ́ ni ó ń pa ara tí ó wà níwájú àti lẹ́yìn kókó náà lára. Prótọ́ọ̀nù kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ná púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ nígbà tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara; ìgbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó dúró ni ó máa ń tú èyí tí ó pọ̀ jù sílẹ̀, kò sì ní kọjá ibẹ̀. Robert Wilson, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ ní ọdún 1946 pé àwọn oníṣègùn lè lo àbùdá yìí, wọ́n sì fi tọ́jú aláìsàn àkọ́kọ́ ní Berkeley ní ọdún 1954. Bí kókó bá wà lẹ́yìn ẹyinjú ọmọdé, ìyàtọ̀ yìí lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàárín ìríran àti ìfọ́jú.

Ṣùgbọ́n agbára tí prótọ́ọ̀nù ní ni ó ń sọ ibi tí yóò dúró sí: èyí tí ó ní 70 MeV, ìyẹn òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára èérún, yóò wọ inú ara tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4, èyí tí ó ní 230 MeV yóò sì wọ̀ ọ́ ju 30 lọ. Ẹ̀rọ síkílótírọ́ọ̀nù, tí Ernest Lawrence gbé kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930, ń tú èérún jáde láìdánudúró, àmọ́ agbára kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń ní, tí wọn yóò fi ní láti gbé nǹkan dínà wọn kí ó lè dín kù. Ẹ̀rọ mìíràn, síńkírótírọ́ọ̀nù, níbi tí èérún ti ń yí po lójú ọ̀nà kan náà, lè yan agbára tí ó wù ú, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ó ń tú wọn jáde. Ẹni tí ó bá ti fi kànnàkànnà ju òkò rí mọ ìdí rẹ̀: bí òkò bá ṣe ń yára tó ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ le tó, nítorí náà òòfà síńkírótírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ máa lágbára sí i bí èérún ti ń yára, kí wọ́n sì tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kí òmíràn tó wọlé.

Ẹ̀rọ kẹta tí wọ́n ń pè ní FFAG ni wọ́n fi wá ojútùú sí èyí. Agbára òòfà rẹ̀ kì í yí padà, ṣùgbọ́n wọ́n tò ó kí ọ̀kan máa kó èérún jọ, kí èkejì máa tú wọn ká, kí ó sì le sí i lápá ibi tí èérún tó yára jù ń gbà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀nà wọn kò fi ní fẹ̀ púpọ̀. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni wọ́n ti ronú kàn án, àmọ́ òòfà rẹ̀ ṣòro láti ṣe, wọ́n sì pa á tì títí Yoshiharu Mori àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi sọ ọ́ jí ní Japan. Ní Daresbury, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n kọ́ EMMA, òrùka tí àyíká rẹ̀ kò ju mítà 17 lọ, tí ó ní òòfà méjì-méjì lọ́nà 42, wọ́n sì fi hàn ní ọdún 2011 pé irú òòfà tí ó rọrùn ṣe jù ti àtijọ́ lọ lè mú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sáré láìsọnù. Ẹ̀rọ ìdánwò ni, kì í ṣe ẹ̀rọ ìwòsàn. Ilé ìwòsàn tí aláìsàn ti tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kò sì lè dúró de ìwádìí. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn kan ní Manchester, tí ó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú prótọ́ọ̀nù ní 2018, fi ra síkílótírọ́ọ̀nù.

Ìlò kejì jẹ mọ́ agbára átọ́míìkì tí wọ́n fi ń pèsè iná mànàmáná. Carlo Rubbia, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1984, dábàá pé kí wọ́n kó tóríọ̀mù sínú ẹ̀rọ átọ́míìkì ní ìwọ̀n tí kò lè dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí wọ́n sì máa fi prótọ́ọ̀nù gbá òjé inú rẹ̀, kí níútírọ́ọ̀nù lè tú jáde, kí ó sì sọ tóríọ̀mù di yùréníọ̀mù tí ń pín. Bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ amú-èérún-sáré, ìpínyà náà dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru tó kù nínú rẹ̀ ṣì ní láti tutù.

Níhìn-ín gan-an ni wàhálà wà. Bí ẹ̀rọ amú-èérún-sáré bá ṣẹ́jú nínú yàrá ìwádìí, kò sẹ́ni tí yóò bìkítà, ṣùgbọ́n bí ooru inú ẹ̀rọ átọ́míìkì bá ń lọ sókè sódò léraléra nítorí rẹ̀, irin inú rẹ̀ yóò máa sán. Ìdí nìyí tí àwọn tí ń kọ́ MYRRHA, ẹ̀rọ átọ́míìkì tí ẹ̀rọ amú-èérún-sáré yóò máa darí, ní Mol, ní orílẹ̀-èdè Belgium, fi pinnu pé ìdádúró èérún tí ó bá ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ kò gbọdọ̀ ju 10 lọ láàárín oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì kọ́kọ́ dojú kọ apá àkọ́kọ́ ẹ̀rọ amú-èérún-sáré náà, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ 100 MeV, láti wò ó bóyá irú ìdúróṣinṣin bẹ́ẹ̀ ṣeé ṣe.