Lẹ́tà Èkó Tó Ré Kọjá Òkun

Oṣù Kẹfà ọdún 1874 ni sítáǹbù Èkó kọ́kọ́ jáde. De La Rue ló tẹ̀ ẹ́ ní London. Orí Ọbabìnrin Victoria ló wà lára gbogbo wọn: ti kọ́bọ̀ kan ní àwọ̀ àlùkò, ti sísì ní àwọ̀ ewé. Òǹtẹ̀ dúdú tí wọ́n ń lù mọ́ sítáǹbù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó lẹ́ẹ̀kejì.

Ní ti ìrìnàjò lẹ́tà, iyanrìn dí ẹnu ọ̀sà Èkó nígbà náà. Ọkọ̀ ńlá dúró sójú agbami. Ọkọ̀ kékeré ló ń gbé àpò lẹ́tà la ìgbì kọjá lọ bá a.

Odindi apòòwé tí irú sítáǹbù yìí ṣì wà lára rẹ̀ ṣọ̀wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn gé sítáǹbù pamọ́, wọ́n sì da ìyókù nù, ó mà ṣe o!