Fólúùmù Alátẹ̀gùn: Ibi Tó Ti Yí Ohùn Padà Ni Kí Ẹ Tú

Sátidé kan ni àbúrò kan ládùúgbò wa ní Festac gbé priámpù tòkunbọ̀ rẹ̀ wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Sípíkà ọ̀tún ń ṣe dáadáa. Ti òsì á dákẹ́ rọ́rọ́, tí mo bá sì yí fólúùmù díẹ̀ sí i, ariwo á kàn gba gbogbo ilé lójijì." Mo bi í pé, "Kí lo ti ṣe sí i?" Ó ní òun ti fín oògùn ìfọkọ́ńtáàkì sí i, agolo kan gbáko. Ẹ̀rín pa mí. Àìsàn yẹn kọ́ ni oògùn yẹn ń wò.

Fólúùmù alátẹ̀gùn, irú èyí tó wà lára priámpù rẹ̀, kò rí bí èyí tó wọ́pọ̀, tí apá irin kan ń wọ́ lórí káábọ̀nù. Súwíìṣì oníyíyí ni, tó sábà máa ń ní ipò 23 tàbí 24, tí wọ́n fi rẹsísítọ̀ kéékèèké so ipò kan mọ́ èkejì bí àkàsọ̀. Ohùn ń gba òkè wọlé, gíráùn wà nísàlẹ̀, apá tó ń yí ló ń yan àtẹ̀gùn tí ohùn yóò ti jáde. Kà, kà, kà, báyìí ló ń ṣe lọ́wọ́ ẹni. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, àtẹ̀gùn kan jẹ́ decibel 2: tí 500 milivolt bá wà lórí ọ̀kan, nǹkan bíi 397 ni yóò wà lórí èyí tó tẹ̀lé e nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà 315, lẹ́yìn náà 251.

Wàyí o, ká ní rẹsísítọ̀ kan já láàárín àkàsọ̀ náà. Gbogbo ipò tó wà nísàlẹ̀ ibi tó já, gíráùn nìkan ni wọ́n rí. Ohùn kankan kò dé ibẹ̀ mọ́. Àwọn tó wà lókè kò sì rí gíráùn mọ́, nítorí náà bí ohùn ṣe wọlé ló ń jáde, kò fẹ́ẹ̀ẹ́ dín rárá. Ohun tó ń ṣe sípíkà òsì àbúrò mi gan-an nìyẹn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí dé ipò 6, ariwo láti ipò 7: mo ti mọ ibi tí màá tú kí n tó mú ìṣó kankan kúrò. (Irú kan tún wà tí ipò kọ̀ọ̀kan ní rẹsísítọ̀ méjì tirẹ̀. Nínú ìyẹn, ipò kan ṣoṣo ló ń ya wèrè, àwọn yòókù á máa ṣiṣẹ́ lọ.)

Mo yọ priámpù náà kúrò lára iná. Tó bá jẹ́ onígílóòbù, ẹ ní sùúrù dáadáa, torí kàpásítọ̀ inú rẹ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́, iná tó lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo tú wáyà tó so fólúùmù mọ́ ẹ̀rọ, kí rẹsísítọ̀ mìíràn má baà tan mítà jẹ. Mo fi mítà sí ohm, mo sì fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan orí àti ìsàlẹ̀ àkàsọ̀ náà. Ọ̀tún ka 10,000, iye náà kò sì yí padà bí mo ṣe ń yí i. Òsì kò ka nǹkan kan. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín ipò 6 àti 7: léèdì tó di ẹsẹ̀ rẹsísítọ̀ mú ti là yípo, ìlà tín-ín-rín bí irun orí. Mo fi ayọ́nù yọ́ ọ, mo fi léèdì tuntun díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ ti bùṣe.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o. Ẹ wọn apá tó ń yí sí gíráùn ní ipò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ ti òsì àti ti ọ̀tún sílẹ̀. Nínú fólúùmù 10,000 ohm, ibi tí ohùn ti fi decibel 6 dín kù yóò ka nǹkan bíi 5,000. Ibi tó ti fi 20 dín kù, 1,000. Ibi tó ti fi 40 dín kù, 100. Tí ìyàtọ̀ òsì sí ọ̀tún bá tó ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún, decibel 1 nìyẹn, etí lè mú un. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún kò ní kí ẹ pàdánù oorun.

Tó bá ń dún "pà" ní gbogbo àtẹ̀gùn ńkọ́? Ẹ tan ẹ̀rọ, kí ẹ fi mítà sí DC, kí ẹ wọn ẹnu ibi tí ohùn ti ń wọ fólúùmù. Tó bá ju milivolt mélòó kan lọ, kàpásítọ̀ tó wà ṣáájú fólúùmù ń jò. Òun ni kí ẹ pààrọ̀.

Oògùn ìfọkọ́ńtáàkì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Odò wà nítòsí wa ní Festac; ọ̀rinrin pẹ̀lú èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń sọ kọ́ńtáàkì onífàdákà di dúdú. Tí ohùn bá ń fọ́, tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ yí i láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun ní ìgbà ogún, kí ẹ wá fín ín díẹ̀. Ẹ má fi sáńpépà kàn án láéláé, fàdákà ara rẹ̀ á bó.

Tí ẹ bá ń lọ ra rẹsísítọ̀ ní ọjà Alaba, ẹ béèrè èyí tó ní ìlà márùn-ún lára, kí ẹ mú mítà yín dání, kí ẹ sì wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó.